Ẹ Ra Èròjà, Ẹ Má Ra Ọbẹ̀

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣe adájọ́ níbi ìdíje róbọ́ọ̀tì àwọn ọmọ girama. Róbọ́ọ̀tì méjì ni mi ò lè gbàgbé. Èkíní ń dán yinrin: odidi ni wọ́n rà á, kóòdù rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Pákó àti ìdérí ìgò ni wọ́n fi ṣe ara èkejì. Iṣẹ́ kan náà ni: kí wọ́n tọ ìlà dúdú lórí ilẹ̀ funfun.

Àwọn méjèèjì ń ṣe dáadáa láàárọ̀. Àfìgbà tí oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kì í rí ni sẹ́ńsọ̀ wọn fi ń wá ìlà: ilẹ̀ funfun á dá a padà, ìlà dúdú á gbé e mì. Oòrùn náà ní irú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ló bá da gbogbo ẹ̀ rú. Àwọn tó ra odidi pe tíṣà, tíṣà pe ẹni tó tà á. Lọ́dọ̀ àwọn onípákó, ọmọbìnrin kan gé páálí, ó fi ká sẹ́ńsọ̀, ó yí nọ́ńbà kan padà nínú kóòdù, róbọ́ọ̀tì wọn sì gbéra.

Ta ló gba ipò kìíní? Èyí tó ń dán ni o! Máàkì ìrísí pọ̀ ju máàkì àlàyé lọ nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Mo jiyàn títí, wọ́n fi ìbò borí mi.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àwọn kan máa ń pariwo pé ohun tí o kò bá fọwọ́ ara rẹ ṣe kì í ṣe tìrẹ. Irọ́ ni. Èmi tí mò ń fi kóòdù jẹun, orí kóòdù ọlọ́kóòdù ni mò ń kọ́lé sí. Ọmọbìnrin yẹn gan-an, rírà ló ra sẹ́ńsọ̀, tó ra Arduino. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni Arduino ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà lè rí nǹkan tó rọrùn lò. Rírà kọ́ lẹ̀ṣẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó lọ síbi ìdíje ọbẹ̀ sísè lè ra ata, kó ra iyọ̀, kó ra ìkòkò pàápàá. Tó bá wá lọ ra ọbẹ̀ ní búkà ńkọ́? Ìyá olóúnjẹ ló díje yẹn, kì í ṣe òun.

Ohun tó ń dùn mí ni ẹ̀kọ́ táwọn onípákó gbé lọ sílé: pé owó ló ń gba máàkì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣètò ìdíje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà kan nínú róbọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ní káwọn ọmọ tún un ṣe, kí tíṣà dúró síta. Ibẹ̀ ni kí máàkì pọ̀ sí jù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rà á o, ṣùgbọ́n ẹ tú u palẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tò, kẹ́ ẹ tó gbé e wá. Ohun tó o bá lè tún ṣe nígbà tó bá bàjẹ́, tìẹ ni.