Ta Ni Yóò Ka Ìbejì Ìbàràpá?

Ẹ̀yin ìjòyè ilẹ̀ Ìbàràpá, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú gbogbo, ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òkìkí Igbó-Ọrà ti kan gbogbo ayé pé ìlú ìbejì ni. Láti 2018 ni a ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀, tí àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ń wá ya àwòrán, tí wọ́n sì ń béèrè bóyá ọbẹ̀ ìlasa ni ó fà á. (Ọbẹ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n àwa kò tí ì rí ẹ̀rí kan tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀.) Iye tí gbogbo wọn sì ń tọ́ka sí ni ti Dókítà Patrick Nylander, tí a ròyìn pé ó ṣe ìwádìí láàárín 1972 sí 1982: ìbejì 45 sí 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ ní agbègbè wa, nígbà tí ti gbogbo ayé lónìí jẹ́ bíi 12.

A kò kẹ́gàn iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé, lẹ́yìn ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye tí ẹlòmíràn kà fún wa ni a ṣì ń fi yangàn. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera kalẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Ìwé ìbímọ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí yóò bi ìwé náà léèrè ni ó ṣọ̀wọ́n.

Èdè tí a fi ń bi irú ìwé bẹ́ẹ̀ léèrè nínú kọ̀ǹpútà wà, SQL ni orúkọ rẹ̀. Ní 1970 ni Edgar Codd ti ilé iṣẹ́ IBM fi ìlànà lélẹ̀ pé kí a máa kó àkọsílẹ̀ sínú àtẹ oníla. Ní 1974 ni Donald Chamberlin àti Raymond Boyce gbé èdè ìbéèrè náà jáde. Àwọn kan ń wí pé iṣẹ́ àwọn ọmọ Èkó ni. Àwa kò gbà. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa pàápàá ní ẹ̀bi tiwọn: wọn a kọ SELECT sára pátákó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a há a sórí bí ayékòótọ́, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ, ìdánwò a sì parí, ìmọ̀ a bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé ìbímọ wa ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní ìlà tirẹ̀ nínú àtẹ, Táíwò yóò gba ìlà kan, Kẹ́hìndé yóò gba òmíràn. Ká ní 1000 ìyá ni ó bímọ, tí 45 nínú wọn bí ìbejì, tí ìyókù bí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìlà yóò jẹ́ 1045, 90 nínú wọn yóò sì jẹ́ ti ọmọ ìbejì. Ẹni tí ó ka ìlà yóò kígbe pé 86 nínú ẹgbẹ̀rún ni. Ẹni tí ó ka ìyá yóò wí pé 45 ni. Kò sí èké nínú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ìlú kan lè fi bẹ́ẹ̀ gba adé lórí ìlú kejì láìjẹ́ pé ìbejì kan ṣoṣo pọ̀ sí i.

Ohun tí yóò yanjú rẹ̀ ni GROUP BY, èyí tí í kó àwọn ìlà tí ó jọra sí òkìtì kan, bí onígàrí ti í ya funfun sọ́tọ̀ kúrò lára pupa. A ó kó àwọn ìlà ìrọbí kan náà jọ, COUNT yóò ka ọmọ inú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Kí a má ṣe fi ọjọ́ ìbí kó wọn jọ o. Táíwò lè dé kí aago méjìlá òru tó lù, kí Kẹ́hìndé dé lẹ́yìn rẹ̀, a ó sì ti ya ìbejì nípá. Kí ìrọbí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ìlà kí a tó kó wọn jọ ni WHERE. Èyí tí a fi ń sẹ́ òkìtì fúnra rẹ̀ ni HAVING. Bí a bá kọ HAVING COUNT(*) = 2, ìbejì nìkan ni yóò kù.

Nígbà náà ni a lè bi ìbéèrè tí àwọn baálẹ̀ wa ń fi ṣe àríyànjiyàn: nínú Igbó-Ọrà, Èrúwà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngán àti Láńlátẹ̀, èwo ni ìbejì rẹ̀ ju ìwọ̀n gbogbo Ìbàràpá lọ? Ìbéèrè yìí ní ìbéèrè mìíràn nínú. A ó kọ́kọ́ wá ìwọ̀n gbogbo Ìbàràpá láàárín àkámọ́, kí a tó fi ìlú kọ̀ọ̀kan wé e. Ẹni tí kò mọ́ṣẹ́ yóò kàn wá ìwọ̀n ìlú kọ̀ọ̀kan, yóò rò wọ́n pọ̀, yóò sì pín in. Ẹ wo ewu rẹ̀: bí ìlú kékeré kan bá ní ìrọbí 40, tí 4 jẹ́ ìbejì, tí ìlú ńlá ní 960, tí 40 jẹ́ ìbejì, ìṣirò tirẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 71 nínú ẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ jẹ́ 44 péré. Àwọn tí a sì bí nílé, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé, kò sí ìbéèrè tí ó lè rí wọn.

Àwọn ìjòyè kan ń bẹ̀rù pé a ó tú àṣírí àwọn ìyá fún àlejò. Ẹ̀rù náà tọ́. Nítorí rẹ̀ ni VIEW fi wúlò: fèrèsé ni, kò kó ẹrù kankan pamọ́, ìbéèrè ni ó fi pamọ́, tí ó sì ń tún un bi nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i. A lè jẹ́ kí àlejò yọjú lójú fèrèsé, kí ó rí ìlú, ọdún àti iye, kí ó má rí orúkọ tàbí agboolé. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí obìnrin kan ṣoṣo ti bí ìbejì lọ́dún, iye yẹn náà ti di orúkọ. Kí HAVING yọ irú òkìtì kékeré bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ fi irú ìwé yìí kọ́ni, lẹ́yìn tí a bá ti yọ orúkọ kúrò. Kí ẹ̀yin ìjòyè bá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ti Ìbàràpá sọ̀rọ̀, kí ìwé ìbímọ ìlú méjèèje lè bá ara wọn mu. Kí iye tí a ó kà lórí pèpéle ní àjọ̀dún ìbejì tí ń bọ̀ jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ wa kà, kí a sì tẹ ìbéèrè tí wọ́n fi rí i sí ẹ̀yìn ìwé ètò, kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè tún un bi fúnra rẹ̀.