Ìfun Inú Èèrà àti Pẹ́dàlì Gìtá

Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ọmọ tó ń kánjú ni àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún, débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbà pé kéèyàn káwọ́ gbera kó máa retí ni ó ń wí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó tí èèrà ń rìn kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò ní í rí ìfun kankan. Ẹni tó mú un, tó ń fọwọ́ tú u wò díẹ̀díẹ̀, tí kò gbójú kúrò níbẹ̀, òun ló máa rí i. Sùúrù ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni òwe náà ń sọ.

Lóde òní, mi ò tíì rí ibi tí òwe yìí bá mu tó tábìlì àwọn onígìtá tó ń fọwọ́ ara wọn to pẹ́dàlì overdrive. Àpótí kékeré ni pẹ́dàlì yìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá tó ń dún geere tẹ́lẹ̀ á ki, á sì ha díẹ̀, bí ohùn ẹni tó fi gbogbo òru kọrin. Àwọn tó gbọ́ ẹgbẹ́ BLO l'Ékòó láàárín àwọn ọdún 1970 mọ irú ohùn tí mò ń wí.

Inú àbùkù ni ohùn yìí ti jáde. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń bẹ̀rẹ̀, ní Nashville ní Amẹ́ríkà, Grady Martin ń ta gìtá báàsì sí orin Marty Robbins kan tó ń jẹ́ "Don't Worry". Transformer kan bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, ohùn gìtá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú orin náà. Glenn Snoddy tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ó wádìí ohun tó fà á, ó sì fi tìràǹsísítọ̀ ṣe èyí tó lè máa dún bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí onígìtá bá fẹ́. Ní 1962, ilé iṣẹ́ Gibson gbé e jáde lórúkọ Maestro Fuzz-Tone.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń tò nílé lónìí ni Tube Screamer, iṣẹ́ ọwọ́ Susumu Tamura ní Jàpáànì nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, tí Ibanez sì ń tà. Ẹrù inú rẹ̀ kò pọ̀: bátìrì 9V, IC kan, dáyóòdù méjì, tìràǹsísítọ̀ méjì, rẹsísítọ̀ àti kapásítọ̀ mélòó kan. IC ló ń gbé ohùn ga. Bí a bá yí nọ́ọ̀bù drive dópin, ó lè gbé e ga tó nǹkan bí ìlọ́po 118. Ṣùgbọ́n dáyóòdù méjèèjì wà lójú ọ̀nà tí ohùn ń gbà padà sínú IC, ọ̀kan dojú kọ iwájú, èkejì dojú kọ ẹ̀yìn. Bí ìgbì ohùn bá ti fẹ́ kọjá nǹkan bí 0.6V, dáyóòdù á ṣí, orí ìgbì á sì tẹ̀ wálẹ̀. Orí tó tẹ̀ yẹn ni etí wa ń gbọ́.

Ibẹ̀ ni àtúnṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹnì kan á yọ kapásítọ̀ méjì, á pààrọ̀ dáyóòdù, á tún fi IC mìíràn sí i, lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ohùn á yí padà lóòótọ́. Èwo nínú wọn ló yí i padà? Kò lè sọ. Ó ti pa èèrà, kò sì rí ìfun.

Ẹ jẹ́ ká mú kapásítọ̀ kan ṣoṣo, èyí tó jẹ́ 0.047µF, tó bá rẹsísítọ̀ 4.7k dúró nídìí IC. Àwọn méjèèjì ló ń pinnu pé ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ 720Hz kò ní í rí agbára gbà tó bí èyí tó wà lókè. Okùn tó nípọn jù lọ lára gìtá, 82Hz ló ń dún, nítorí náà ó jìnnà sí ààlà yẹn gan-an. Ẹni tó ń bá báàsì àti ìlù ṣeré á dúpẹ́, torí gìtá rẹ̀ kò ní í lọ bo ohùn báàsì mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń dá ta á nínú yàrá á ní ohùn náà tín-ín-rín jù. Bí ẹni yìí bá fi 0.1µF rọ́pò rẹ̀, ààlà náà á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 340Hz, ìsàlẹ̀ ohùn á sì kún. Kó dúró níbẹ̀ ná. Kó ta á nílé, kó gbé e lọ sáàárín ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó gbọ́ bó ṣe ń ṣe nígbà tí báàsì bá wọlé. Ìgbà tó bá mọ iṣẹ́ kapásítọ̀ yẹn tán ni kó tó fọwọ́ kan dáyóòdù.

Dáyóòdù ní tirẹ̀ dùn ún dán wò. Bí a bá to méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan tí a fi ọ̀kan sílẹ̀ lódìkejì, bí Boss ṣe ṣe SD-1 tó gbé jáde ní 1981, òkè ìgbì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní í tẹ̀ bákan náà mọ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí mo máa ń gbọ́ ìka onígìtá nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ LED pupa, ìyẹn dáyóòdù tó ń tan iná, ni a fi sí i, ìgbì á ga tó nǹkan bí 1.7V kó tó tẹ̀. Ohùn á túbọ̀ lọ sókè, híha rẹ̀ á sì dín kù.

Ìgbà tí pẹ́dàlì bá yadi ni òwe yìí wúlò jù. Wọ́n ti tò ó tán, iná ń tàn, ohùn kò jáde. Oníkánjú á bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo ojú ibi tó fi léèdì (solder) jó pọ̀ jó, á sì fi iná ba èyí tó dára jẹ́. Ohun tó yẹ ni kó so kapásítọ̀ 0.1µF kan mọ́ orí wáyà tó lọ sínú áǹpù, kó fi orin sínú pẹ́dàlì láti ibi tí gìtá ń wọ̀, kó wá máa fi ẹsẹ̀ kapásítọ̀ náà kan ojú ibi kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi àbájáde. Ohùn á máa tẹ̀ lé e lọ. Ní ibì kan, á dákẹ́. Àárín ibi tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn àti ibi tó ti dákẹ́ ni àìsàn wà, lọ́pọ̀ ìgbà léèdì kan tó ṣú bàìbàì ni, tí kò mú ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ IC, tí àwọn onígìtá ń tìtorí rẹ̀ jà. JRC4558 ni wọ́n ń wá kiri, pàápàá ti àtijọ́, àwọn mìíràn sì ń ná owó gidi lé e. Bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú àwọn míkísà àti ẹ̀rọ orin tí àwọn atún-rédíò-ṣe ti tú palẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì gbé IC jókòó, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ èyí tó fi sí i, kí òun sì máa ta orin kan náà. Ní tèmi, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kapásítọ̀ 0.047µF yẹn, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan.