Ọmọ Igi Tí Ó Lalẹ̀ Hù Nínú Oko Kòkó Ìdànrè

Àwọn baba wa a máa wí pé kékeré ni a ti í pẹ́ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ní ìgbà tí wọ́n pa òwe yìí, ìrókò pọ̀ ní ilẹ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní ṣàníyàn bí a bá fi àdá ké ọgọ́rùn-ún ọmọ rẹ̀ lulẹ̀ ní òwúrọ̀ kan. Lónìí, a ti sọ òwe náà di òfin oko: kékeré ni a ń ké gbogbo wọn, kò sì sí èyí tí ó ń dàgbà tó ohun tí a ó bọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa igbó tí ó ń tán, ẹ̀rọ ìlagi nìkan ni a máa ń dá lẹ́bi. A bẹ ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú pé kí ẹ wo ọwọ́ kejì pẹ̀lú, èyíinì ni àdá alágbàṣe tí ń sán abẹ́ kòkó.

Kò sí ẹni tí ó gbin igbó. Igi ńlá a so, ẹ̀fúùfù, ẹyẹ, ọ̀bọ àti àdán a sì gbé èso rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ igbó ṣókùnkùn: bí a bá pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan tàbí méjì péré ni ó ń dé ibẹ̀. Àwọn igi kan wà tí ọmọ wọn lè fara da òkùnkùn yìí. Wọn a dúró ní gíga orúnkún fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí igi ńlá kan yóò fi wó, tí àyè yóò ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ìrókò, arère, àfárá àti ìdígbó kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Oòrùn ni ọmú ìyá wọn. Nítorí náà, ibi tí ilẹ̀ gbé là, ní etí ọ̀nà, ní ẹgàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, àti nínú oko kòkó tí kò tíì bo ilẹ̀ tán, níbẹ̀ ni a ti ń rí ọmọ wọn.

Arère kì í so dáadáa lọ́dọọdún, irúgbìn rẹ̀ tí ó ní ìyẹ́ kì í sì í pẹ́ kú. Bí a bá gé ìyá rẹ̀ kí ọdún èso tó dé, a ti gé ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ìrókò ní tirẹ̀ ní akọ àti abo, àdán ni ó sì máa ń gbé èso rẹ̀ lọ jìnnà. Àwọn tí ó ti gbìyànjú láti kó ọmọ ìrókò jọ sórí ẹbè kan mọ kòkòrò tí ń mú kí ọ̀mùnú rẹ̀ wú, tí ó sì ń jẹrà. Èyí tí ó hù káàkiri lábẹ́ ìbòji fẹ́ẹ́rẹ́ a máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tí a kó jọ lọ. Ẹlẹ́dàá mọ ìdí tí ó fi fọ́n wọn ká.

Kì í ṣe òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Ní ọdún 1944, àwọn ọ̀gá ẹ̀ka igbó ní Nàìjíríà dá ọgbọ́n kan pé, dípò kí a máa gbin igi, kí a ran igbó lọ́wọ́ kí ó tún ara rẹ̀ bí. Ọdún bíi mélòó kan ṣáájú kí a tó gé igi gẹdú, wọn a gé ìtàkùn, wọn a sì fi májèlé pa àwọn igi tí kò lówó lórí, kí oòrùn lè wọlé bá àwọn ọmọ igi. Ọgbọ́n náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìtàkùn ni ó kọ́kọ́ jẹ nínú oòrùn náà, ó sì bo ọmọ igi mọ́lẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn igi tí a fi májèlé pa sì di ohun tí ọjà ń béèrè lẹ́yìn náà. Kí ẹ̀wádún 1960 tó parí, a ti pa iṣẹ́ náà tì, a sì yíjú sí gbígbin gmelina àti tíìkì, bí ó ti hàn ní igbó ìjọba Olúwa.

Lójú tiwa, kì í ṣe ọmọ igi ni ó já wọn kulẹ̀. Igbó tóbi, olùtọ́jú kò tó. Oko kòkó kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ènìyàn kan ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú àdá, ó ń gé ìtàkùn, ó ń sán koríko Akíntọ́lá-ta-kú tí ìbá bo ilẹ̀. Iṣẹ́ tí agbára ẹ̀ka igbó kò ká, àgbẹ̀ Ìdànrè ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù, pé kí àdá náà yà fún ọmọ igi. Kí a má sì tan ara wa jẹ: oko kòkó ti wọ inú igbó ìjọba Ìdànrè lọ jìnnà, nítorí náà inú oko ni ọ̀pọ̀ igi ọ̀la yóò ti jáde, bí wọn yóò bá jáde rárá.

Kí ni ó dé tí àgbẹ̀ kò fi yà á sí? Kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọ̀kan wà. Ní kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ka orúkọ igi ńlá mẹ́wàá láìdúró. Ẹ fi ọmọ ìrókò tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan hàn wọ́n, wọn a ní koríko ni. Òótọ́ ni pé ó ṣòro, nítorí etí ewé ọmọ ìrókò ní eyín wẹ́wẹ́, ti àgbà rẹ̀ kò sì ní. Ṣùgbọ́n àgbà àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, òun náà sì ń ké e. Ìdí rẹ̀ ni pé òfin kò jẹ́ kí ẹni tí ó tọ́ ìrókò gé e láìgba ìwé àṣẹ. Bí igi náà bá sì tó gẹdú, ẹlòmíràn lè fi ìwé àṣẹ dé, kí ó wó o lu kòkó mọ́lẹ̀, kí ó sì gbé owó lọ. Ta ni yóò tọ́ ọmọ tí ẹlòmíràn yóò gba ìdáná rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Niger, ní àríwá wa. Ní agbègbè Maradi, láti ọdún 1983, ará Australia kan tí ń jẹ́ Tony Rinaudo rọ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe ké èhù tí ń jáde láti ara kùkùté igi nínú oko wọn. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà tàn ni pé ìjọba dẹ ọwọ́ òfin, àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi oko rẹ̀ sí tirẹ̀. Igi ti padà sórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Aṣálẹ̀ ni ti wọn o, tiwa jẹ́ ilẹ̀ òjò.

Àwọn kan yóò wí pé ìbòji púpọ̀ ń mú kí kòkó jẹrà. Wọn kò purọ́, pàápàá ní ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ tó ti Ìdànrè. Ṣùgbọ́n a kò ní kí a sọ oko di igbó. Ní Gánà, igi ńlá 15 sí 18 lórí hẹ́kítà kan ni àwọn onímọ̀ kòkó dámọ̀ràn. Ẹni tí ó bá rí ọgọ́rùn-ún ọmọ igi lè mú èyí tí ó wù ú nínú wọn, kí ó sì sán ìyókù.

Nítorí náà, a ń bẹ Ọwá àti àwọn olóyè Ìdànrè pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Àkúrẹ́: kí ìjọba jẹ́ kí àgbẹ̀ forúkọ igi tí ó tọ́ láti kékeré sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀, kí ìpín gidi nínú owó rẹ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá gé e, kí ẹnikẹ́ni má sì wó igi sínú kòkó ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ san owó ohun tí yóò bàjẹ́. Èyíinì lè pẹ́. Ohun tí kò gbọdọ̀ pẹ́ wà ní ọwọ́ àwa fúnra wa. Gbogbo alágbàṣe, ibi yòówù kí ó ti wá, ni ó mọ ohun tí àálè ń wí. Kí ìsánko àkọ́kọ́ ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kí olóko rìn yí oko rẹ̀ ká, kí ó so màrìwò mọ́ ọmọ ìrókò, arère àti ọ̀gànwó tí ó bá yàn, kí ó tó fi àdá lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.