Ìwé Àṣẹ Kò Tó: Èrò lórí Àtúnlò Táyà

Òkìtì ògbólógbòó táyà kì í wọ́n lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù àwọn fọkanáísà nílẹ̀ Yorùbá. Omi òjò a dúró sínú wọn, ẹ̀fọn a sì fi wọ́n ṣe ilé. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi wọ́n dáná sun awọ ẹran, bẹ́ẹ̀ májèlé ni èéfín wọn. Kò sí àríyànjiyàn pé àtúnlò táyà pọn dandan. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé: ta ni yóò ni ìmọ̀ rẹ̀?

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ ike ni a lè yọ́ kí a sì tún rọ. Táyà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1839, Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ṣàwárí pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ rọ́bà, tí a sì fi iná kàn án, yóò yi, kò sì ní yọ́ mọ́. Nítorí èyí, àwọn kan ń lọ táyà kúnná. Àwọn mìíràn ń fi ooru líle sọ ọ́ di epo, gáàsì àti èédú níbi tí atẹ́gùn kò dé. Ilé-iṣẹ́ tó bá hùmọ̀ ọ̀nà tuntun a máa gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, a sì máa ta ìwé àṣẹ ìlò rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Rírà ìwé àṣẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ àtilo ẹ̀rọ kì í ṣe òye tí a fi ṣe é. Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007. Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkejà ní 2008. Orílẹ̀-èdè tó ní oko rọ́bà wá ń wo ojú òkèèrè fún táyà. Àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ẹni mu.

Ìrètí wà. Láti 2020 ni ilé-iṣẹ́ Freee Recycle ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ògbólógbòó táyà di ohun ìtẹ́lẹ̀ àti bọ́ǹpù ojú títì ní Ìbàdàn. Ìjọba tó bá fẹ́ ra ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ fi í sínú àdéhùn pé a óò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àtúnṣe ẹ̀rọ náà àti bí a ṣe ń mú un dára sí i.

Àwọn olùkọ́ náà ní ipa tiwọn. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní àkọ́yé. Ọmọ tí olùkọ́ bá fi èdè abínibí rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí táyà kì í fi í yọ́ fún, lè di ẹni tí yóò hùmọ̀ ọ̀nà tuntun lọ́la, tí àwọn ẹlòmíràn yóò sì wá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.