Kóríyá Kò Pin sí Orí Pápá

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mo wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kún ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Ìpàtà, ní ìlú Ìlọrin. Nàìjíríà àti Kóńgò Kinshasa ni wọ́n ń figagbága ní Rabat, ní orílẹ̀-èdè Morocco. Góòlù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jẹ títí ìṣẹ́jú 120 fi pé, pẹ́nárítì ni wọ́n sì fi yanjú rẹ̀. Kóńgò borí pẹ̀lú 4 sí 3, ọ̀nà Ife Àgbáyé ọdún 2026 sì dí mọ́ wa.

Pé a pàdánù kọ́ ni ó dùn mí jù. Èébú ni. Wọ́n bú àwọn mẹ́ta tí wọn kò rí tiwọn gbá wọlé, wọ́n bú ìyá tí ó bí wọn. Alápatà kan tí mo mọ̀ sí ọmọlúàbí ènìyàn ń ṣẹ́ èpè pé kí ẹsẹ̀ wọn rọ. (N kò sọ̀rọ̀. Ta ni yóò bá alápatà jiyàn ní Ìpàtà?)

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró ti pẹ́nárítì. Mítà 11 péré ni ó wà láàárín bọ́ọ̀lù àti ilé. Bọ́ọ̀lù tí a gbá dáadáa kì í lò ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ kí ó tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí aṣọ́lé fi sábà máa ń fò kí ó tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù gbà. Bí ó bá jẹ́ ti agbára ẹsẹ̀ nìkan ni, ẹni tí ń gbá a ni ìbá máa jàre nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, àyà rẹ̀ a máa lù kì-kì-kì, iṣan rẹ̀ a le, èémí rẹ̀ a kúrú, ohun tí ó ti ń ṣe láìronú láti kékeré a wá di ohun tí ó ń rò. Ẹsẹ̀ kọ́ ni ó kùnà nígbà náà.

Àwọn baba wa mọ èyí. Wọn kì í ti oníjàkadì wọ agbo láìlulù, láìki oríkì rẹ̀. Ẹ bi àwọn ará Ọ̀fà léèrè, àwọn tí wọ́n sọ ìjàkadì di orò ìlú. Kóríyá ni a pe iṣẹ́ náà: kí orí yá. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ìmọ̀ ọkàn ẹ̀dá wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ṣùgbọ́n lónìí, a ti sọ kóríyá di ti ẹni tí ó borí nìkan.

Ẹ rántí Rashidi Yekini, ọmọ Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara yìí kan náà. Òun ni ó kọ́kọ́ jẹ góòlù fún Nàìjíríà ní Ìdíje Ife Àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, nígbà tí a fi 3 sí òdo na Bulgaria ní Dallas. Ó ki ọwọ́ bọ àwọ̀n, ó ń ké. Òun náà ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà, ní ọdún 1993. Góòlù 37 ni ó jẹ fún orílẹ̀-èdè yìí. Kí ó tó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ní ẹni ọdún 48, àwọn ìwé ìròyìn ti ń gbé e pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ìrá ni wọ́n sin ín sí. Orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré ńlá Ìlọrin báyìí. Níbo ni àwa tí à ń pe orúkọ náà wà nígbà tí ìdààmú dé bá a?

Ní Jámánì, nígbà tí aṣọ́lé wọn, Robert Enke, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, àjọ bọ́ọ̀lù ibẹ̀ wà lára àwọn tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní ọdún 2010, kí àìsàn náà má baà jẹ́ ohun ìtìjú mọ́.

Àwọn kan yóò ní owó ńlá ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà, kí wọ́n gba èébú mọ́ ọn. Owó kì í dá àyà tí ń já dúró. Àwọn ọmọdé tí ń gbọ́ èébú náà ní Ìpàtà ńkọ́? Àwọn tí à ń kọ́ níṣẹ́ olùkọ́ ni yóò di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ́la. A ń kọ́ wọn bí ọmọ ṣe ń sáré, bí ó ṣe ń fò. Ó yẹ kí á kọ́ wọn bí a ṣe ń bá ọmọ tí ó pàdánù sọ̀rọ̀, kí ó sì wà nínú ìdánwò wọn.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo bá alápatà yẹn níwájú ilé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù, ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Baba náà kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, “Má dá wọn lóhùn, ọkọ mi. Tún un gbá.”