Ẹ fojú ọ̀run sílẹ̀ láàrin ilé yín

Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní orílẹ̀-èdè Niger, lóṣù keje ọdún 2023, àjọ ECOWAS fi ìyà jẹ wọ́n. Ọ̀kan nínú ìyà náà ni pé Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n ń lò, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń rà á. Òkùnkùn bo Niamey, olú-ìlú wọn. Ṣùgbọ́n fìtílà lè ṣẹ́gun òkùnkùn, kò lè ṣẹ́gun ooru. Ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí wọ́n fi páànù bò, tí wọ́n sé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, bí iná bá ti lọ, ààrò ni. Oṣù kejì ọdún 2024 ni ECOWAS tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìyà náà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè ọya lásán ni mò ń sọ. Àwa tí a gé iná wọn, ṣé tiwa dúró ni? Ta ni kò mọ òru tí iná kò sí, tí epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, tí àwọn ọmọ ń sunkún, tí ìyá wọn ń fi páálí fẹ́ wọn? Owó iná ń gun òkè lójoojúmọ́. Ìbéèrè mi fún ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: bí iná bá lọ, ṣé ilé yín á ṣì ṣeé gbé?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Niamey. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Plateau, lórí òkè tó wà lápá Odò Ọya. Ọdún 1926 ni àwọn Faransé sọ Niamey di olú-ìlú dípò Zinder, Plateau ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún ọ́fíìsì àti ilé ara wọn, tí àfonífojì Gounti Yéna sì pààlà láàrin àwọn àti àwọn ọmọ onílẹ̀. Ìwà ìyara-ẹni-sọ́tọ̀ ni, a kò ní yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ooru ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, nítorí lóṣù kẹrin ọdún, ó máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbalasa yí ilé ká, wọ́n gbé àjà sókè, wọ́n sì gbin igi sí etí ọ̀nà. Ohun tó dun èèyàn ni pé ibòòji yìí, wọn kò fẹ́ kó kọjá àdúgbò tiwọn.

Ní ọdún 2016, ọmọ Niger kan, Mariam Kamara, tí wọ́n ń pè ní Mariam Issoufou báyìí, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, parí ilé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Niamey 2000. Ìdílé mẹ́fà ni wọ́n kọ́ ọ fún. Kàkà kí wọ́n tẹ́ ilé náà rẹrẹ sórí ilẹ̀, wọ́n gbé e sókè. Kàkà kí wọ́n lo búlọ́ọ̀kù oní-sìmẹ́ǹtì, erùpẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ di búlọ́ọ̀kù, wọn kò sì sun ún níná. Wọ́n ní ara ìlú àtijọ́ bíi Zinder, Timbuktu àti Kano tiwa níbí ni àwọn ti kọ́gbọ́n. Ògiri amọ̀ tó nípọn kì í tètè gbóná: ó ń gba ooru ọ̀sán mọ́ra díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ooru náà yóò sì fi wọ inú yàrá, oòrùn ti wọ̀, afẹ́fẹ́ alẹ́ ti dé.

Ṣé ọgbọ́n yìí ṣàjèjì sí Yorùbá? Rárá o. Àwọn baba wa tó kọ́ àkòdì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Yàrá yí ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ká, ojú ọ̀run wà láàrin. Òrùlé dagun sínú, òjò ń rọ̀ sínú ìkòkò, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti òkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tí ilé alájà tí àwọn àgùdà gbé ti Brazil dé gbòde, a dí ojú ọ̀run yẹn pa, a sọ ọ́ di ọ̀nà tóóró tó ṣókùnkùn láàrin yàrá méjì. Ibẹ̀ ni a gbà dé ilé féèsì-mi-n-féèsì-ẹ, níbi tí èèyàn ti ń tan iná lọ́sàn-án gangan.

Ẹni tó ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì péré lè dá a padà. Kó ní kí ayàwòrán-ilé fi àyè bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní ìbú àti ní òró sílẹ̀ láàrin ilé, kí wọ́n má dẹ́kìn rẹ̀. Kí fèrèsé yàrá kọ̀ọ̀kan kọjú síbẹ̀, kí òmíràn sì wà ní òdìkejì, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kó sì jáde. Kí fèrèsé ńlá má kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Apá ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbin igi sí.

Ní ti ohun tí ẹ óò gbìn, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé ìyá yín. Pèrègún tí a fi ń pààlà oko, inú ìkòkò ni àwọn òyìnbó ń gbé e sí nínú pálọ̀ wọn. Ọ̀já ìkookò kò bèèrè omi púpọ̀, kò sì bínú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Ẹfinrin àti mọ̀rínga ń fẹ́ oòrùn, nítorí náà àárín àgbàlá ni tiwọn. Ewé mọ̀rínga yìí, ẹ̀fọ́ gidi ló jẹ́ fún àwọn ará Niger.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ẹ má gbin òdán tàbí máńgòrò sẹ́bàá ìpìlẹ̀, gbòǹgbò wọn yóò fọ́ ọ. Ẹ la ojú gọ́tà kí ẹ tó rẹ́ ilẹ̀, kí omi òjò má baà ya wọ yàrá. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró sábẹ́ ìkòkò òdòdó, ilé ọmọ ẹ̀fọn ni. Ẹ sì rántí pé Èkó kì í ṣe Niamey. Ní Niamey tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, omi tí a bá wọ́n sílẹ̀ àti èyí tí ewé ń mí jáde máa ń mú ara tutù. Ní Èkó tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, ibòòji àti atẹ́gùn ni kí ẹ gbójú lé. Bí ewéko bá fún jù nínú yàrá, ògiri yóò hu èébu.

Àwọn kan yóò ní àṣejù ọlọ́rọ̀ nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló wọ́n jù: àyè tí a kò kọ́ nǹkan sí, àbí ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa mu epo títí ayé? Ìjọba lè gé iná, epo sì lè gbówó lórí. Ojú ọ̀run nìkan ni kò sí ẹni tó lè fi bíìlì ránṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ kí àwọn bíríkìlà tó dé.