Ọjà Ti Bọ́ Sínú Ẹ̀rọ: Èdè Wa Ńkọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ro bí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe gba iṣẹ́ ọjà ìpín ìdókòwò mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ín; bí èrè bá wọlé, yóò jẹ níbẹ̀, bí àdánù bá sì dé, yóò kàn án.

Ọjà yìí kì í ṣe àjòjì sí wa. Èkó ni a ti dá a sílẹ̀ ní 1960, kátàkárà sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1961. Láyé ìgbà náà, ńṣe ni àwọn alágbàtà máa ń péjọ sínú gbọ̀ngàn, tí a óò máa pe orúkọ ìpín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye lé e. Ní 1997 ni ilé-iṣẹ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1999, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ títà àti rírà pàápàá. Nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ìlú mọ́lé ní 2020, gbọ̀ngàn ṣófo, ṣùgbọ́n ọjà kò tú: ilé ni àwọn alágbàtà jókòó sí tí wọ́n ń bá òwò wọn lọ.

Èmi kò bá ẹ̀rọ jà. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kí ó fi fóònù ra ìpín láìdé Èkó. Ṣùgbọ́n eré ọ̀tọ̀, òye ọ̀tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ, 2012, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ alágbàtà kan tí ń jẹ́ Knight Capital ṣi ọjà rà fún bí ìṣẹ́jú 45 péré; àdánù rẹ̀ lé ní 440 mílíọ̀nù dọ́là. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó ni ẹ̀rọ, kí ni ti àwa tí a kò gbọ́ èdè tí ọjà náà ń sọ?

Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nígbà tí òfin 1972 àti ti 1977 mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ òbí ni ó rà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí wọn ṣì wà nínú àpótí mìíràn títí di òní, tí àwọn ọmọ kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ní ìdà kejì, nígbà tí MMM ṣèlérí èrè 30 nínú 100 lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ìdókòwò. Nígbà tí ó di owó pa ní oṣù Kejìlá, 2016, àìmọye ènìyàn ni ó fi ìka àbámọ̀ bọnu.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa kò ṣàìní ọ̀rọ̀ tí ó lè là wá lójú. Èlé kì í ṣe èrè: bí òwò jẹ́ kò jẹ́, ẹni tí ó yáni lówó yóò gba èlé, èrè ní tirẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ bí òwò bá ṣe rìn. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò bi ẹni tí ń ṣèlérí èrè tí kì í yẹ̀ pé, òwò wo ni ẹ ń ṣe?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà wa ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ó kan àwa náà láti ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó, kí ẹgbẹ́ wa pe àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé mọ́ra, kí a sì gbé e dé ilé-ìwé, ọjà àti orí rédíò. Nígbà tí ẹ bá sì relé ní ìsinmi, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín ohun tí ó wà nínú àpótí.